Ọwọ́ Tí Kò Mọ Ìrora



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ìwádìí ni, irú èyí tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣègùn ń ṣe nítorí ìlera ìlú, àti kí ẹni tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wa rò pé inú ìwé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Àwa pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń gbọ́, tí àwa náà sì ń sọ fún àwọn ọmọ wa, pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ a máa jẹrà, ìka rẹ̀ a sì máa já bọ́ fúnra wọn. Àwọn oníṣègùn pàápàá gbà á bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní 1873 ni Armauer Hansen, ará Nọ́wè, rí kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n rírí kòkòrò náà kò fi ìdí tí ìka fi ń kúrú han ẹnikẹ́ni.

Ní 1946 ni Dókítà Paul Brand dé Vellore ní gúúsù Íńdíà, láti kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn àwọn Kristẹni tí Ida Scudder dá sílẹ̀. Ọmọ míṣọ́nnárì ni. Íńdíà náà ni a bí i sí ní 1914. Nígbà tí ó bẹ ilé ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ wò ní Chingleput ní 1947, ó bọ ọkùnrin kan tí ìka rẹ̀ ti ká kò lọ́wọ́, ó ní kí ó fi gbogbo agbára di òun lọ́wọ́ mú. Ìdìmú náà le tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi ké. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ẹran ọwọ́ yìí bá ń jẹrà, níbo ni agbára yìí ti wá? Èé sì ti ṣe tí ọkùnrin yìí kò mọ̀ pé òun ń pa mí lára?

Ní ọjọ́ mìíràn, ó ń bá ìlẹ̀kùn kan jà tí àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà. Ọmọdékùnrin kan, adẹ́tẹ̀, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i, ìlẹ̀kùn sì ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ti gé ìka ọmọ náà dé egungun, òun kò sì mọ̀. Láti ìgbà náà ni Brand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ egbò kọ̀ọ̀kan dé orísun rẹ̀. Wọ́n rí ìkòkò gbígbóná, wọ́n rí ẹ̀kù ọkọ́, wọ́n rí ìṣó nínú bàtà. Àrùn náà ti pa àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tí ń ròyìn ìrora fún ọpọlọ, nítorí náà ẹni náà ń fi ara rẹ̀ ṣèṣe lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ó wá ku àwọn ìka tí ń pòórá lóru. Wọ́n ṣọ́nà, wọ́n sì rí i pé èkúté ni ó ń jẹ wọ́n lójú oorun. Ológbò ni wọ́n fi ṣe ìtọ́jú èyí, ẹ̀yin ará. Kò sí nínú ìwé oògùn kankan.

Fún ọwọ́ tí ó ti rọ, wọn a mú iṣan kan tí ó ṣì lágbára, wọn a so ó mọ́ ìka, wọn a sì kọ́ aláìsàn náà ní bí yóò ti lò ó lákọ̀tun. Nígbà náà ni àwọn kan padà wá ráhùn. Wọ́n ní ọwọ́ tí a tún ṣe yìí kò dára fún agbe ṣíṣe mọ́, àánú kò tún ṣe ẹnikẹ́ni! Ojú ti àwọn dókítà. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ abẹ nìkan kò tó, wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ káfíńtà àti irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa gbà pé ibí yìí gan-an ni ìwádìí náà ti di ti ìjọ, nítorí ẹni tí a wò sàn tí a kò sì gbà síṣẹ́, ibo ni yóò gbà?

Láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn àpapọ̀ oògùn tí ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn pátápátá, ọ̀fẹ́ sì ni a ń fún àwọn aláìsàn láti 1995. Ṣùgbọ́n ìmọ̀lára tí ó ti kú tipẹ́ kì í sábà padà. Ojú ni ó ní láti máa ṣe iṣẹ́ ìrora.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà ni a ń sọ. Ní 1966 ni Brand lọ sí Carville ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé irú egbò kan náà ni ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tí àtọ̀gbẹ ń dà láàmú. Alàgbà kan nínú ìjọ wa tí ó ní àtọ̀gbẹ rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìṣó nínú bàtà, ó sì jókòó títí ìsìn fi parí. Ìyàwó rẹ̀ ni ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí egbò náà kọ̀ tí kò jiná, a ní ọwọ́ ayé ni, a sì ń gbààwẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí a ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A gé ẹsẹ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò ní alaalẹ́. Bí ojú kò bá ríran dáadáa, kí ọmọ tàbí aya bá yín wò ó. Ẹ máa gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná kí ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ pé tó fi ọwọ́ kàn án.