Káàdì Ìlera: Ojúṣe Tiwa Ńkọ́?

 

Ìyá kan tó ń tajà ní ọjà Sandgrouse bi mí pé, "Ọmọ mi, mo sanwó Ìlera Èkó fún odidi ọdún kan, ibà lásán kò ṣe mí. Ta ló wá kó owó mi lọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Adójútòfò ìlera kì í ṣe èsúsú. Nínú èsúsú, tó bá kàn yín, ẹ ó kó tiyín. Níbí, owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ tó bá kan ìyá náà, owó àwọn tó kù ló máa gbà á.

Òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Gómìnà Sanwo-Olu tún pàṣẹ rẹ̀ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n owó sísan nìkan kọ́ ni ojúṣe wa.

Àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé ni kí ẹ yàn. Ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, àwọn ló máa kọ̀wé rán yín síwájú. Tí ẹ bá fò wọ́n láìjẹ́ pé ó jẹ́ pàjáwìrì, ó ṣeé ṣe kí ẹ fi owó ara yín san án.

Ìkejì, ẹ san owó ọdún tuntun kí tàtijọ́ tó parí. Tí ẹ bá bímọ, ẹ lọ fi orúkọ ọmọ kún un.

Ìkẹta ló ká mi lára jù: ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì. Mo mọ̀ pé àánú ni. Ọmọ yàrá kejì, ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà bá rí lára ọmọ yẹn, abẹ́ orúkọ ọmọ tiyín ló máa kọ ọ́ sí: irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ yín dé, tí kò lè sọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ kúkú ran ìyá ọmọ náà lọ́wọ́ kó forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Tí wọ́n bá sì gbowó lọ́wọ́ yín fún ohun tí ètò náà bò, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ fi ẹjọ́ sun LASHMA, àjọ tó ń bójú tó o.

Ẹ mú káàdì yín jáde lálẹ́ yìí. Ọjọ́ wo ló máa parí? Orúkọ ta ni kò sí níbẹ̀?

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.