Kì Í Ṣe Ọ̀kan Náà Ni Gbogbo Ẹ̀rọ Aláìlábẹ́rẹ́

 Oríṣi méjì ni mo fẹ́ sọ nínú ẹ̀rọ aláìlábẹ́rẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi oògùn sára láìlo abẹ́rẹ́. Ọ̀kan ń fi agbára ti oògùn olómi wọ ara. Èkejì ń fi gáàsì hílíọ́mù ta oògùn lúbúlúbú sínú awọ. Èkejì yìí ni mo bá wá.

Ó pẹ́ tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ọmọ ìyá ni méjèèjì, pé ẹ̀rọ tó kó mẹ́dọ̀wú ran àwọn èèyàn ní California lọ́dún 1985 ti ba gbogbo wọn jẹ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé; mo tún ń kà á nínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ kàn dà á kọ láìwádìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀.

Ẹ̀rọ ti California yẹn, olómi ni. Ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé láti apá ẹnì kan sí apá ẹlòmíràn. Bí omi oògùn bá ti lu awọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè ta padà sẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹni tó kàn sì gbà á. Irú rẹ̀ ni Ped-O-Jet, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n fi gbógun ti ṣànpọ̀nná ní Nàìjíríà láti 1967. Mo wà lórí ìlà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Mo rí i bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn wá sí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ tó wà níwájú mi. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ribiribi, n kò kóyán rẹ̀ kéré.

Ẹ wá wo ti lúbúlúbú, èyí tí Brian Bellhouse àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Oxford. Oògùn gbígbẹ wà láàárín ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Tí wọ́n bá tẹ ẹ̀rọ náà, gáàsì á bẹ́ ike náà, á sì gbé oògùn sáré ju ìró lọ. Awọ òkú tó bo ara wa lókè kò ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 10 sí 20 lọ. Oògùn á gba ibẹ̀ kọjá, á dúró sí ìpele òkè awọ, níbi tí kò sí òpó ẹ̀jẹ̀ kankan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí a ń pè ní Langerhans ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dára fún àjẹsára. Lóòótọ́, awọ lè pọ́n, ó sì lè ní àmì pupa wínníwínní. Ṣùgbọ́n Zingo, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ lúbúlúbú yìí, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2007 láti fi pa awọ ọmọdé kú kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ wọn, ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni. Wọ́n á lò ó tán, wọ́n á jù ú nù. Ọ̀nà wo ni ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan fẹ́ gbà dé ara ẹlòmíràn? Kí ẹni tó bá fẹ́ takò mí kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ti ooru, oògùn gbígbẹ sábà máa ń fara dà á ju olómi lọ. Ẹ̀yin tó ń ru àjẹsára nínú àpótí yìnyín lọ sí abúlé mọ ohun tí mò ń wí.

Ní ti owó, ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ wà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe Zingo dá a dúró lọ́dún 2008, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá máa ṣe é fún wa gbọ́dọ̀ mú iye rẹ̀ sún mọ́ ti sírínjì.