Ìṣọ́ra Lórí Ìbọn Ìṣó: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Kọ́ Ilé Ọlọ́run



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan. Gbogbo ìjọ tí ó bá ń kan òrùlé ni ó kàn. Láti Òsì dé Ìlọfà, iṣẹ́ igi kì í ṣe àjèjì sí wa. Aréògún ará Òsì, tí ó kú ní 1954, àti Bámgbóyè ará Odò-Ọwá, tí ó kú ní 1978, gbẹ́ igi tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Bándélé ọmọ Aréògún sì gbẹ́ ère fún ilé ìjọsìn ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, nínú ilé iṣẹ́ tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1947.

Àáké àti ọ̀bẹ ni àwọn wọ̀nyí lò. Agbára apá wọn ni agbára irin wọn. Bí apá bá dúró, irin a dúró. Ìbọn ìṣó kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún un, irú èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Ẹ̀rọ a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú táńkì, rọ́bà a gbé e wá sínú ìbọn, afẹ́fẹ́ a sì ti irin kan tí í lu ìṣó wọ inú pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òṣìṣẹ́ tilẹ̀ ń sinmi, agbára náà kò sinmi. Ó lúgọ sínú rọ́bà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń gbé e kalẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ ni ó ń fún ẹ̀rọ ní iná, ìta gbangba ni kí ó wà, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn nínú ilé. Kí a yẹ rọ́bà wò bóyá ó sán. Lẹ́yìn náà kí a wo agogo tí ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn. Púpọ̀ nínú ìbọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ láàárín 70 àti 120 pọ́n-ùn lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan; ṣùgbọ́n iye tí a kọ sí ara ìbọn ni òfin, a kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí a dán an wò lára àjákù pákó, kí a sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí orí ìṣó yóò fi bá pákó dọ́gba. A kò gbọdọ̀ so ó mọ́ gáàsì inú ìgò àwọn wẹ́dà láéláé. Ó lè bú gbàmù.

Irin kan wà ní ẹnu ìbọn tí kì í jẹ́ kí ó yìn àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Àwọn mìíràn a máa fi wáyà dè é kí iṣẹ́ lè yá. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ dànù. Ti ohun tí ìka ń fà náà sì pé méjì. Nínú ọ̀kan, bí ìka bá ti ń fà á mọ́ra, gbogbo ibi tí ẹnu ìbọn bá kàn ni ìṣó ń wọ̀, ìbáà ṣe itan ẹnìkejì. Nínú èkejì, a ní láti kọ́kọ́ tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ pákó, kí a tó fà á, fún ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni kí a fi lé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 2001 àti 2005, ènìyàn bí 37,000 ni a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dọọdún nítorí ìbọn ìṣó.

Kí òṣìṣẹ́ wọ awò ìdáàbòbò ojú. Kí ọwọ́ tí ó di pákó mú jìnnà tó íńṣì 12 sí ẹnu ìbọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lẹ́yìn pákó, nítorí ìṣó lè là á kọjá. Bí ìṣó bá há, kí a kọ́kọ́ yọ rọ́bà kúrò lára ìbọn, kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá sì wọ ara ènìyàn, kí a má ṣe fà á yọ. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Ti ìtọ́jú kò pọ̀. Bí ìbọn náà bá jẹ́ irú èyí tí ń mu òróró, kí a kán òróró tirẹ̀ díẹ̀ sí i ní òwúrọ̀, kí a tó so rọ́bà. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí a sì ṣí ìdí táńkì kí omi jáde. Omi tí ó bá sùn síbẹ̀ yóò mú táńkì dípẹtà, títí yóò fi bẹ́.

Ẹ̀yin ará, ìwé Deuteronomi, orí 19, sọ ti ẹni tí irin àáké rẹ̀ fò yọ nínú igbó tí ó sì pa ẹnìkejì rẹ̀. Orí 22 sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wà lórí ilé náà. Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, ẹ má ṣe fi ọjọ́ ìkórè kán àwọn òṣìṣẹ́ lójú. Kí ìṣó àkọ́kọ́ tó wọ igi, ẹ bi wọ́n léèrè: Irin ẹnu ìbọn ha ń ṣiṣẹ́ bí? Awò ojú dà? Ta ni ó kọ́ ọmọ yìí? Òrùlé tí ó pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kò ba ìjọ jẹ́. Ojú ọmọ kan tí ó fọ́ kò ṣe é rà padà.