Ìmọ́lẹ̀ Tí A Fi Ń Wọn Ìdọ̀tí Omi



Ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Kí àwa tí a ń sin ẹja àti adìẹ jọ̀wọ́ fetí sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, wọ́n kìlọ̀ fún nǹkan bí 500,000 ènìyàn pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ. Wọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sè é, nítorí sísè yóò mú kí májèlé inú rẹ̀ túbọ̀ ki. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó padà mu ún. Kí ló fà á? Ajílẹ̀ oko ni. Òjò wọ́ phosphorus inú rẹ̀ lọ sínú odò Maumee, odò gbé e dé adágún Erie; ohun wínníwínní aláwọ̀ ewé tó wà lójú omi rí oúnjẹ, ó gbilẹ̀, ó sì tu májèlé sómi.

Ojú lásán kì í rí phosphorus nínú omi. Àyẹ̀wò kéékèèké tí a ń rà, èyí tó ti yòrò nìkan ló ń kà. Èyí tó há sínú ìgbẹ́ adìẹ àti oúnjẹ ẹja ń bọ̀ wá yòrò lọ́la, ṣùgbọ́n kò kà á. Kí ilé àyẹ̀wò tó rí i, wọ́n ní láti fi kẹ́míkà se omi náà nínú ìkòkò tí a dé pinpin, ní ìwọ̀n ooru 120, fún ìṣẹ́jú 30.

Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti wúlò. Ohun funfun kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ilé, titanium dioxide lorúkọ rẹ̀. Ní 1972, ará Japan méjì, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á nínú omi, ó lè ya omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agbára yìí náà ló fi ń jó ìdọ̀tí. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ìgò, wọ́n á tan iná ultraviolet sí i, ìdọ̀tí á tú, phosphorus á jáde. Wọ́n á wá kán kẹ́míkà sí i. Bí àwọ̀ búlúù rẹ̀ bá ṣe dúdú tó ni phosphorus ṣe pọ̀ tó.

Kì í ṣe idán o. Omi tó bá rú bí ẹrọ̀fọ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í là á já dáadáa. Èmi kò sì ní gba ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nímọ̀ràn láti ra tirẹ̀. Ẹyọ kan tó fún àpapọ̀ wa, bí a bá kọ́ ọ̀dọ́ méjì ní lílò rẹ̀. Ní báyìí ná, ẹ bu omi níbi tí adágún ẹja yín ti ń ṣàn jáde, lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ìgò náà, nítorí ọṣẹ mìíràn ní phosphorus nínú. Ẹ kó o sínú yìnyín, kí ó dé ilé àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ méjì.