FÍFI ỌWỌ́ MỌ ÌWỌ̀N

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí olùkọ́ kan sọ fún àwọn ọ̀dọ́ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ ilé-ìwé dìde láti sọ̀rọ̀ lórí gọ́ọ̀fù. Àwọn òbí kan gbà pé eré olówó ni, kò kan ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n pápá gọ́ọ̀fù Ìkẹjà kò jìnnà sí wa, nínú GRA ni ó wà. Irú pápá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń bá àwọn ọlọ́lá gbé àpò ọ̀pá, iṣẹ́ tí à ń pè ní kádì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fi gọ́ọ̀fù jẹun, ìdí àpò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ó wá ya ẹni tí ó di ọ̀gá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gbé àpò títí ó fi darúgbó?

Agbára kọ́. Lórí pápá oníhò 18 tí a yan ìgbá 72 fún, 36 nínú rẹ̀, ìdajì gééré, ni a ṣírò fún títi bọ́ọ̀lù lórí koríko kúkúrú tí ó yí ihò ká. Ihò náà kò ju ínǹṣì 4¼ lọ ní fífẹ̀. Láti ọdún 1891 ni a ti fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀. Bobby Locke, ọmọ South Africa, ọ̀pá àtijọ́ onígi ni ó fi ń ti bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ ó gba ife-ẹ̀yẹ Open ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, 1950, 1952 àti 1957.

Ẹ wo onídùndún. Kì í wo ọṣán ìlù kí ó tó fún un. Apá rẹ̀ ti mọ ibi tí ohùn wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọwọ́ ẹni tí ń ti bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n.

Èkíní, ẹ di ọ̀pá mú bí ẹni di ẹyin mú. Ẹni tí ó fún un pinpin, iṣan apá rẹ̀ yóò le, ọwọ́ kò sì ní gbọ́ ohun tí bọ́ọ̀lù ń sọ.

Èkejì, bí ihò bá jìnnà, ẹ fa ọ̀pá sẹ́yìn jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ má ṣe já a lù ú lójijì.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi òkúta sí ẹsẹ̀ bàtà 3, 6 àti 9. Ẹ ti bọ́ọ̀lù, ẹ di ojú, kí ẹ sì sọ bóyá ó kù tàbí ó kọjá, kí ẹ tó wò ó. Ìdánwò yìí ni ń la ọwọ́ lójú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀. Ìrì òwúrọ̀ a máa dá bọ́ọ̀lù dúró. Nígbà tí oòrùn bá gbẹ koríko, ìtì kan náà yóò kọjá ihò. Láyé àtijọ́, iyanrìn tí a fi epo pò ni ó yí ihò ká lórí ọ̀pọ̀ pápá Nàìjíríà. Ẹni tí ó mọ ti iyanrìn gbọ́dọ̀ tún ti koríko kọ́.

Ẹ rántí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bọ́ọ̀lù tí ó rọra dé etí ihò lè wọlé láti iwájú tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí ó sáré dé, bí kò bá ṣe àárín gan-an ni ó bọ́ sí, yóò fò kọjá.

Ilẹ̀ yàrá tí ó tẹ́jú àti ife kan tó láti fi kọ́ èyí. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti parí iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, ọ̀pá tí ẹ kò lò mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yin kádì, ẹ má ṣe gbé àpò lásán; ẹ gbé ìmọ̀ inú rẹ̀ bọ̀ wálé.

Oregun yóò máa tẹ̀síwájú o.