ÌṢUBÚ LẸ́NU IṢẸ́ ÌTAJÀ



Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí, nítorí àwọn tí ń bá ni tajà ní ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ ìtajà kò jọ iṣẹ́ eléwu lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, ewu wà nínú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Òjò rọ̀, oníbàárà fi ẹsẹ̀ gbé omi wọlé. Epo jò sílẹ̀. Páálí ọjà dí ọ̀nà. Àkàsọ̀ kò sí, ọmọ ìsọ̀ sì gun àpótí láti mú ọjà lókè. Ẹni tí ó gbé ẹrù tí ó bo ojú rẹ̀ kò lè rí ohun tí ó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè dá; bí ìbàdí bá sì fara gbá, ó lè di ẹni tí kò lè dúró tajà mọ́.

A ó wá máa wí pé, “Kò wolẹ̀ dáadáa ni.” Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé páálí sí ọ̀nà? Ta ni kò ra àkàsọ̀? Epo tí a kò nù lánàá ni ó gbé òṣìṣẹ́ ṣubú lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a máa nu ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀nà mọ́ gbayawu, kí iná sì wà níbi tí ó ṣókùnkùn. Owó àkàsọ̀ kan kò tó owó tí a fi ń to eegun.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tí ó fara pa ní Nàìjíríà wí pé kí ẹni tí ó ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Kí ọdún 1 tó pé ni a gbọ́dọ̀ béèrè owó náà. Ọ̀gá ni ń dá owó sí àpò àjọ yìí; kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù yín.

Nítorí náà, bí o bá ṣubú, má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́. Sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó rí i sì jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kí a má ṣe fẹsẹ̀ kọ o.