Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀ Lára Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kan ọmọ kì í ṣe èyí tí àgbà ń yẹra fún.

Àìsàn kan ń bẹ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní leukemia, èyí tí í ṣe jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí àìsàn yìí bá wọ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó a máa pọ̀ jọjọ, títí yóò fi gba àyè mọ́ ẹ̀jẹ̀ tòótọ́ lọ́wọ́. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò gbẹ lójú ọmọ, ibà yóò máa lọ yóò máa bọ̀, imú tàbí èrìgì rẹ̀ yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, eegun yóò máa ro ó, ọrùn rẹ̀ yóò sì so kókó.

Ẹ wo bí àmì wọ̀nyí ti jọ ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀! Ìyá á ní ibà ni. Aládùúgbò á ní fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ẹlòmíràn á sì nàka sí ìyá arúgbó kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àrùn yìí kì í ranni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èpè. Àwa tí a ń wàásù kò sì gbọdọ̀ fi ààwẹ̀ àti òróró dá ọmọ dúró kí ó má tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Àdúrà lè bá a dé ọ̀hún. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ wò ni yóò kọ́kọ́ mú kí a fura. Mùdùnmúdùn tí a fà láti inú eegun ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó níhìn-ín. Ọ̀nà Ọyẹ́ àti Ìfàkì ni ará Ìkọ̀lé yóò gbà débẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí a tẹ̀síwájú sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, kí a má ṣe gba ilé lọ.

Ní 1948 ni Sidney Farber, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé oògùn kan mú kí àìsàn náà dẹwọ́ fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn ọmọ mélòó kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí vincristine, láti ara òdòdó kan tí ó ti Madagascar wá, tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí já ewé rẹ̀ sè fún ọmọ o, májèlé ni.) Lónìí, ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, nínú ọmọ 10 tí irú àìsàn yìí tí ó wọ́pọ̀ jù bá mú, bí 9 ni ń yè. Ní ilẹ̀ àwọn tí kò lówó, iye tí ń yè kéré sí èyí púpọ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn òbí tí ń mú ọmọ kúrò lẹ́nu ìtọ́jú. Lẹ́yìn oṣù kan, ara ọmọ lè dá ṣáṣá, kí a má tilẹ̀ rí àrùn náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ọdún 2 sí 3 ni ìtọ́jú náà ń gbà, owó ni ó sì sábà ń lé wọn padà. Ẹ̀yin ìjòyè, a mọ bí a ti ń dá owó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ jẹ́ kí ìdílé tí ọmọ wọn wà lẹ́nu ìtọ́jú yìí rí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ gbà láti inú àpò ìlú, kí àwọn ọ̀dọ́ wa sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nílò ẹ̀jẹ̀ kí oògùn tó ràn án.